Bàbátúndé Inú Pánẹ́ẹ̀lì

Òkú méjì ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Òkú PlayStation ni mo ń wí o, kí ẹnikẹ́ni má sá. Ní 1998 ni, ní Múṣin, nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ọ̀gá gbé méjèèjì kalẹ̀ níwájú mi, wọ́n ní, "Tú wọn. Bó o bá tú wọn tán, tò wọ́n padà, kí síkúrú kankan má ṣẹ́ kù." Mẹ́ta ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n tún bẹ̀rẹ̀.

Inú ẹ̀rọ yẹn kò ṣòroó mọ̀. Bó o bá dojú rẹ̀ dé, tó o tú síkúrú abẹ́ rẹ̀, tó o wá ṣí ìdérí, apá òsì ni pánẹ́ẹ̀lì iná wà. Lẹ́ǹsì tó ń ka àwo ló tẹ̀ lé e, irin pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ wọn, abẹ́ irin yẹn ni pánẹ́ẹ̀lì àgbà sùn sí pẹ̀lú gbogbo áísì rẹ̀. Mẹ́gábáìtì 2 péré ni mémórì tó fi ń ṣiṣẹ́. Fọ́tò kan tí ọmọ mi fi fóònù yà lánàá ju ìyẹn lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìjà Tekken la jà nínú mẹ́gábáìtì 2 yẹn. Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ náà ni pé òkú kan lè jí òkú kejì. Lẹ́ǹsì tìhín kú, pánẹ́ẹ̀lì tọ̀hún kú, a ó fi ẹ̀yà ara ìkíní mọ́ ti ìkejì, ẹ̀rọ á sì dìde.

Iná ló kọ́kọ́ fìyà jẹ mí. Ìyá kan gbé géèmù ọmọ rẹ̀ wá, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí a kàn bá àwọn nu lẹ́ǹsì. Mo nù ún, mo tò ó, mo ki wáyà rẹ̀ bọ iná NEPA. Gbàù! Èéfín bo ṣọ́ọ̀bù, òórùn bí ẹja tó jóná. Ta ló sọ fún mi pé tiransifọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀ ni wọ́n fi ń lò ó nílé? Fóòtì 120 ni iná ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, tiwa jẹ́ 240. Ìlọ́po méjì ni lójú ọmọdé, ṣùgbọ́n ọ̀gá fi mítà hàn mí pé góńgó iná ni kàpásítọ̀ ńlá inú pánẹ́ẹ̀lì ń gbà mọ́ra, góńgó 240 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 340. Fóòtì 200 ni wọ́n kọ sára kàpásítọ̀ tó bẹ́ yẹn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń yọ owó rẹ̀ nínú owó oúnjẹ mi. Títí dòní, n kì í fọwọ́ kan síkúrú ẹ̀rọ kankan kí n tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí n ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Kí n sọ òtítọ́, àtúnṣe nìkan kọ́ la fi ń jẹun. Ẹ̀dà ni púpọ̀ nínú àwo tí wọ́n ń tà lójú pópó nígbà náà. Àwo ojúlówó ní ipa kan níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ń mì wọ́rọ́wọ́rọ́, lẹ́tà mẹ́rin tó ń sọ apá ayé tí wọ́n ṣe é fún ló sì pamọ́ sínú mímì yẹn. Ẹ̀rọ tí a fi ń da àwo kọ kò lè kọ ọ́. Áísì kékeré kan là ń jó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, òun ló ń parọ́ fún ẹ̀rọ náà pé lẹ́tà mẹ́rin ti dé. N kò fi yangàn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti balẹ̀ lórí áyọ́ọ̀nù.

Ọdún 2000 ni PS2 jáde ní Japan. Èmi kò tú u títí di 2003, ọdún tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù. Mo ń wo pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni ọ̀gá tọ́ka sí áísì kan, wọ́n ní ọpọlọ PS1 nìyẹn. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Òótọ́ ni. Ọpọlọ tuntun wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lé àgbà jáde. Wọ́n fi í sẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ pádì àti mémórì kádì. Ọjọ́ tó o bá ki àwo PS1 bọ̀ ọ́, àgbà á padà sórí àga rẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bàbátúndé rèé." Orúkọ yẹn là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù títí ọ̀gá fi kú. PS2 yẹn tà ju mílíọ̀nù 155 lọ káàkiri ayé, àwọn ilé géèmù Múṣin, níbi tí Winning Eleven ti ń lọ láàárọ̀ títí di òru lórí jẹnẹrétọ̀, sì ni mo fi kọ́lé.

PS3 tó kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006 ṣì pọn bàbá tirẹ̀, áísì PS2 wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ ọ́ kúrò kí owó ẹ̀rọ náà lè wálẹ̀. Mo tú méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo wá bàbá tì nínú ìkejì. Ó dùn mí bí ọ̀rọ̀ ilé ẹni.

Àsìkò yẹn náà ni bulówà dé ọwọ́ wa. Ẹ̀rọ kan wà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí iná rẹ̀ á kàn máa ṣẹ́jú, tí àwòrán kò sì ní jáde. A ó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí áísì ńlá rẹ̀, á jí, a ó gbowó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oníbàárà á tún dé. Ìdùbúlẹ̀ àìsàn là ń pè ní ìwòsàn. Mo ti dá owó padà fún púpọ̀ nínú wọn.

Láti PS4 ọdún 2013, ọpọlọ àti ayàwòrán ti di áísì kan ṣoṣo. Pánẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà nínú ibi àwo sì ti bá pánẹ́ẹ̀lì àgbà mulẹ̀. Bó o bá yọ ti inú òkú sínú alààyè, kò ní ka géèmù kankan. Irin olómi ló wà láàárín áísì PS5 àti irin tó ń gba ooru rẹ̀. Iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀kán kan tó bá ṣèèṣì ta sórí pánẹ́ẹ̀lì tó láti pa á. Ọmọṣẹ́ mi kò tíì gbọdọ̀ dá a tú.

Èyí tí wọ́n ń gbé wá jù báyìí ni ojú tí wáyà HDMI ń wọ̀, tó ti ya. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá mi bẹ àwọn ọmọ kí wọ́n yọ wáyà yẹn kí wọ́n tó gbé géèmù kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n. Bó bá sì ti bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wọn kọ́kọ́ tú u wò. Bó bá ti tú u náà, ẹ ṣáà kó síkúrú rẹ̀ wá pé.