Asọ̀rọ̀gbèsì àti Ayárabíàṣá

Àwọn àgbà wa mọ orúkọ í sọ nǹkan. Rediffusion bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935. Nígbà tí àwọn ará ìlú rí àpótí tí ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò sì bìkítà fún ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi fèsì, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí wọ́n rí bí ó ti ń ṣe kíákíá, wọ́n sọ ọ́ ní ayárabíàṣá.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní rédíò tí ó yàtọ̀. Èyí ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gba èsì. Nítorí náà, n ó máa pè é ní asọ̀rọ̀gbèsì. Ìjọba ní í fún ni ní ìwé àṣẹ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tí ènìyàn yóò máa jẹ́ lórí afẹ́fẹ́. 5N ni orúkọ tiwa ní Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀. JA wà lára ti Jàpáànì, PY lára ti Bùràsíìlì. Kì í ṣe iṣẹ́ owó rárá. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ní òpin oṣù kẹwàá lọ́dọọdún ni ìdíje CQ World Wide ti àwọn tí ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ máa ń wáyé, fún wákàtí 48. Aago kan òru mọ́jú Sátidé ni ó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tí ó bá bá ènìyàn púpọ̀ sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ púpọ̀ ni ó ń borí. Àwa ará Nàìjíríà kò pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà bí ayé bá ti gbọ́ 5N, ariwo a sọ bí ọjà Òkè-Ajé. Èmi kò ní ìwé àṣẹ. Akọ̀wé ni mo jẹ́.

Láyé ìgbà kan, akọ̀wé ní láti fi ọwọ́ kọ àsìkò, ojú ìgbì, orúkọ àti nọ́ḿbà, kí ó sì tún máa ṣí ìwé wò bóyá a ti bá ẹni náà sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ lójú ìgbì kan náà. Wáyà kan tí a fi so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà ti gba ìdajì iṣẹ́ yìí. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá yí rédíò láti 14 MHz sí 21 MHz, kọ̀ǹpútà a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyára ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba: bí ọ̀kan bá wà ní 9600, tí èkejì wà ní 19200, wọn kò ní gbédè ara wọn. Agbára rédíò sì lè gba ojú wáyà dá kọ̀ǹpútà kú; òrùka dúdú kan tí a wé wáyà mọ́ ni a fi ń dènà rẹ̀.

Síbẹ̀, ayárabíàṣá mọ ibi tí a wà, ó mọ àsìkò, kò mọ ẹni tí ń pè wá. Etí ni ó ń gba orúkọ. B, D àti P a máa jọra nínú ariwo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe B ní Bravo, tí wọ́n ń pe D ní Delta, bí àwọn awakọ̀ òfuurufú ti ń ṣe láti 1956. Èyí kò ṣàjèjì sí onílù dùndún. Ó mọ̀ pé ohùn kan náà lè bá orúkọ púpọ̀ mu, nítorí náà ó ń fi oríkì kún orúkọ kí a má baà ṣì í gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ìdíje, ará Jàpáànì kan pè wá, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn. A gbọ́ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ àfi èyí tí ó kẹ́yìn. Àwọn ará Yúróòpù ń pariwo, àsìkò ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Má ì tíì kọ ọ́. Jẹ́ kí n tún bi í.” Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bi í kí ó tó dá wa lójú. Òfin ń fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá kọ orúkọ sódì, ṣùgbọ́n èyí tí ó jù ni pé bí ọkùnrin náà bá kọ̀wé wá gba ẹ̀rí pé òun bá Nàìjíríà sọ̀rọ̀, a kò ní í rí i nínú ìwé wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń kọ́ nípa èdè. À ń gbé ẹ̀rọ lọ bá àwọn àgbà, à ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ̀rọ yóò sọ ọjọ́ àti wákàtí fún wa láìṣì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú kan kò bá yé wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi èyí tí a mọ̀ dí àlàfo èyí tí a kò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a padà lọ bi àgbà náà, nígbà tí ó ṣì wà láti fún wa lésì.