Kì í Ṣe Ojú Màmá, Iná Ilé Ìdáná Wa Ni

Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023, Màmá wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ sọ́dọ̀ wa ní Johannesburg láti bá wa tọ́jú ìkókó. Ìgbà òtútù ni Oṣù Kẹfà níbí. Kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń rẹ́ ẹ̀fọ́ tí a rà lọ́jà Yeoville, ọ̀bẹ sì gé wọn níka. Lọ́sẹ̀ kejì, a jẹ òkúta nínú ẹ̀wà tí wọ́n ṣà. Wọ́n ní, "Ojú mi ti di ojú àgbà." Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. A rọra gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn, a ní kí wọ́n máa sinmi. Wọn kò jiyàn, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ orin wọn nílé ìdáná mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wa dúró síbi tí Màmá máa ń dúró sí, ó fẹ́ gé àlùbọ́sà. Kò ríran dáadáa, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún. Ẹ̀yìn ẹni tó bá ń gé nǹkan ni gílóòbù àárín àjà wà; òjìji ẹni náà ló ń bo pátákó. Gílóòbù ńlá kò lè tún èyí ṣe. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè pẹpẹ ló wà.

A ra iná LED gbọọrọ tó ṣeé lẹ̀, mítà méjì. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ wo 3000K lára páálí rẹ̀. 6000K máa ń funfun bí iná ọsibítù. Ẹ wá CRI 90 sókè, kí ẹran àti ẹ̀fọ́ lè hàn ní àwọ̀ wọn gan-an. Ẹ nu òróró abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù dáadáa, kí ẹ lẹ iná náà mọ́ apá iwájú; bó bá wà lẹ́yìn, ògiri ni yóò máa tàn sí. Tiwa ń jẹ wáàtì 10 ní mítà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 20. A wá ra tiransífọ́mà oníwáàtì 30, kó má baà máa gbóná jù.

Fólítì 12 ni iná náà ń lò, àwa fúnra wa la lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n fólítì 230 ni ti ara ògiri níbí, a kò fọwọ́ kàn án. Oníṣẹ́ iná tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ló so ó pọ̀, tó sì fún wa níwèé ẹ̀rí. Lọ́dún yẹn tí iná ìlú ń lọ tó ń bọ̀, bátìrì ínfátà wa gbé e láìsí wàhálà.

Nígbà tí a tan iná náà, Màmá na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n wo ojú àpá ìka wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀bẹ mi dà?"

A bẹ̀ wọ́n. Lóòótọ́, ojú àgbà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ju tọ̀dọ́ lọ, ṣùgbọ́n àwa la kò fún wọn. Ẹ̀yin òbí àti ọmọ, kí ẹ tó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ àgbà ilé yín, ẹ kọ́kọ́ dúró síbi tí wọ́n ń dúró sí.