Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: Àwa olùkọ́ méjì ní Changsha

Kí agogo méje òwúrọ̀ tó lù ni ohùn àwọn ọmọ ti gba gbogbo ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé ìwé dání, ó ń kà á sókè: ẹnì kan ń ka ewì àtijọ́, ẹnì kejì ń ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá gbọ́ wọn láti òkèèrè yóò rò pé ọjà ti ná. Àwa méjì tí a kọ ìwé yìí, ọmọ Kétu kan àti ọmọ Àjàṣẹ́ kan, fi ọdún méjì jí sí ariwo náà ní Changsha, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Hunan ní ilẹ̀ Ṣáínà. Èdè Faransé ni a lọ kọ́ àwọn ọmọ líísè níbẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé kí ni ọmọ Ṣáínà fẹ́ fi èdè Faransé ṣe. Tẹ́lẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì, Rọ́ṣíà àti èdè Japan ni ó wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ líísè wọn. Ní ọdún 2018 ni ìjọba fi Faransé, Jámánì àti Spéènì kún un. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa ń lépa yunifásítì ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn mìíràn ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ń ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bí agogo ti lù, olórí kíláàsì pàṣẹ, ọmọ 52 sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kígbe pé: «Lǎoshī hǎo!» Bí wọ́n ṣe ń kí olùkọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé lǎo túmọ̀ sí àgbà. Ọ̀kan nínú wa kò tíì pé ọmọ ọdún 30, síbẹ̀ ẹfun ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ di àgbà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ṣàjèjì sí.

Ohun tí ó dà wá láàmú ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí a bá bèèrè ọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò nawọ́. A rò pé wọn kò fẹ́ wa ni. Olùkọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ ìlú náà ni ó là wá lóye: ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe lójú gbogbo kíláàsì, ìtìjú ni ó gbé wọ ara rẹ̀. Ọmọ náà mọ ìdáhùn. Ó fẹ́ kí ó dá a lójú kí ó tó la ẹnu ni.

Ọjọ́ wọn gùn ju tiwa lọ. Láàárín òwúrọ̀, orin yóò dún láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo ọmọ yóò di ojú, wọn yóò sì máa fi ìka ra àyíká rẹ̀. Láti ọdún 1963 ni wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá ojú yìí, kí ìwé má baà ba ojú ọmọ jẹ́. Ní ọ̀sán, a jọ jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí ó pọ́n fún ata, nítorí ará Hunan kò fi ata ṣeré. Níbẹ̀ ni ọkàn wa ti kọ́kọ́ balẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ọmọ á gbé orí lé tábìlì, wọ́n á sùn díẹ̀. Ilẹ̀ á ṣú, wọ́n á tún padà sí kíláàsì, wọ́n á kàwé títí di agogo mẹ́wàá kù díẹ̀. Nígbà òtútù, tí kò sí ohun tí ń mú kíláàsì gbóná, ẹ̀wù àwọ̀lékè ni a fi ń kọ́ wọn, olúkúlùkù sì gbé omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀.

Gaokao ni gbogbo èyí wà fún, ìdánwò oṣù Okúdù tí wọ́n dá padà ní ọdún 1977 lẹ́yìn tí rògbòdìyàn ìṣèlú ti dá a dúró fún ọdún púpọ̀. Ẹni tí ó bá rò pé BAC tiwa le, kí ó wo ojú òbí tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà.

Nínú ọdún àkọ́kọ́ wa, a sọ fún kíláàsì kan pé Faransé kì í ṣe èdè ìyá wa, pé Yorùbá ni, àti pé olóhùn ni bíi tiwọn. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí kò nawọ́ rí bá dìde. Ó bẹ̀ wá pé kí a kọ èdè náà sójú pátákó. A kọ ọ́: «E kaaro, eyin omo wa.» Ó wò ó títí. Ó ní: «Lǎoshī, ẹ sọ pé ó ní ohùn. Níbo ni àmì ohùn wà?»

Ọ̀kan nínú wa gbé ẹfun, ó fi àmì kan sórí lẹ́tà kan. Èkejì ní ibẹ̀ kọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lójú àwọn ọmọ. Nígbà tí ó yá, àwa náà dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń dákẹ́ fún wa.

Ìtìjú náà wọ̀ wá lára. Ọmọ Ṣáínà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú pinyin, ọ̀nà ìkọ̀wé tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1958, nítorí ó mọ̀ pé mā ni ìyá, mǎ sì ni ẹṣin. Bí ó bá fi parí ọdún 9 nílé-ẹ̀kọ́, ó yẹ kí ó mọ nǹkan bí 3,500 àmì ìkọ̀wé baba ńlá rẹ̀. Àwa tí a ní ìwé-ẹ̀rí, tí àṣìṣe kan kì í sí nínú dictée wa, kò mọ bí a ti ń kọ «ẹ káàárọ̀».

Láti ìgbà náà, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń kàwé alẹ́, àwa náà ń kà tiwa. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ní Changsha, agogo méjì ọ̀sán ni ní Kétu. A máa ń pe bàbá wa kan níbẹ̀, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní: «Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti rìn jìnnà kí ẹ tó bèèrè. Ẹ kọ́kọ́ fi dò, re, mí kọ ọ̀rọ̀ náà lórin. Ohun tí etí bá gbọ́ ni ọwọ́ yóò kọ.»

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a padà síwájú pátákó. A kọ igbá, igba àti ìgbà. Kíláàsì kà á tẹ̀lé wa, wọn kò sì ṣi ohùn kan, nítorí etí wọn ti mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kan lẹ́yìn èyí, a lẹ ìwé ìkíni mọ́ ògiri. Ọmọbìnrin ọjọ́sí nawọ́, láìjẹ́ pé a bi í ní nǹkan kan. Ó ní: «Lǎoshī, àmì kan kù lórí ọ̀rẹ́.»

Òótọ́ ni ó sọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fi àmì náà sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Bénin àti Togo, ẹ lọ sí ibi tí ọkàn yín bá fẹ́; ayé fẹ̀, èdè Faransé sì ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ní òkèèrè, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ yín ni ohun tí ẹ gbé wá láti ilé. Ẹ kọ́ bí a ti ń kọ orúkọ yín pẹ̀lú àmì rẹ̀ kí ẹ tó di ẹrù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.