Ẹrù Tó Wà Lẹ́yìn Fáàfù

Nínú àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi rọ́bà ṣe, ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá lè má fẹ̀ ju irun orí lọ. Fáàfù inú wọn ló gbà mí lọ́kàn jù. Ẹ̀jẹ̀ àti oògùn àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ pàdé kí àsìkò tó pé. Nǹkan kan ní láti dí ọ̀nà, kó sì tún ṣí i.

Ní ọdún 2000, Stephen Quake àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Caltech, ní Amẹ́ríkà, to rọ́bà lé rọ́bà. Omi ń gba inú ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ń gba inú èkejì. Bí wọ́n bá ti fún afẹ́fẹ́ wọlé, awọ tín-ín-rín tó wà láàárín á wú, á sì dí ọ̀nà omi. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: sílíńdà gáàsì, ọ̀pá rọ́bà lóríṣiríṣi, àwọn fáàfù oníná, kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Ohun tó lè wọ àpò wá gba odindi tábìlì. Níbi tí iná kì í dúró, kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ fi í ṣe?

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ohun tí Shuichi Takayama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní yunifásítì Michigan ní 2004. Ẹ̀rọ Braille tí àwọn afọ́jú fi ń ka ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n mú, wọ́n sì gbé rọ́bà lé orí àwọn ṣóńṣó kéékèèké tó máa ń yọ lábẹ́ ìka. Ṣóńṣó yọ, ọ̀nà dí. Ó wọlẹ̀, omi ń lọ. Bí mélòó kan bá ń yọ tẹ̀léra, wọ́n á máa ti omi síwájú. Sílíńdà gáàsì ti kúrò ńbẹ̀.

George Korir àti Manu Prakash ní Stanford tilẹ̀ yọ iná kúrò. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ náà, bí àpótí orin ọmọdé. Ihò ara páálí tí wọ́n ń yí gba inú rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí omi yóò ṣàn.

Samuel Sia, olùwádìí mìíràn, ní tirẹ̀ fi afẹ́fẹ́ pààlà sáàárín àwọn oògùn nínú ọ̀pá kan, kí wọ́n lè máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí fáàfù rárá. Wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò HIV ní Rùwáńdà. Ó dára púpọ̀, àmọ́ bí a bá ti to oògùn tán, ètò náà kò ṣe é yí padà mọ́. Àyẹ̀wò tó ní ẹ̀ka ṣì nílò fáàfù.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún sọ fún mi pé ẹ̀rọ kan ò wọ́n, mo fẹ́ kí wọ́n ka owó ohun tó ń ṣí i, tó sì ń tì í, mọ́ ọn.