Màrókò tí wọ́n ní kò yẹ ọmọ èèyàn ní gbígbé: Àwọn olówó ló ń jà dù ú báyìí!

Ẹ da ìbéèrè kan sílẹ̀ nínú dánfó tó ń bọ̀ láti Ọ̀ṣòdì: ibo lẹ ò ní í gbé l'Ékòó yìí láéláé, bí wọ́n tilẹ̀ fún yín nílé ọ̀fẹ́? Kíá ni kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiẹ̀. Èyí á ní Àjégúnlẹ̀ ni, torí àgbàrá òjò àtàwọn ọmọ ìta. Ìyá tó jókòó lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà á ní òun ò lè sún mọ́ Ọjọ́ta, òórùn ààtàn Olúṣòsùn ò ní í jẹ́ kóun lè gbé oúnjẹ sẹ́nu. Ẹlòmíì á ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kóun gbé lórí omi ní Mákòko, níbi téèyàn ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí àna ẹ̀. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ gan-an á dá sí i. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà kan bá wà nínú ọkọ̀ náà, tó ti wà l'Ékòó kí wọ́n tó parí bíríìjì Third Mainland lọ́dún 1990, òun ló máa dárúkọ Màrókò.

Màrókò kò sí mọ́. Ẹni tó bá ní òun ń wá a lónìí, Oníru ni wọ́n máa júwe fún un, àti apá ibi tí wọ́n ń pè ní Victoria Island Extension. Ilé gogoro ló máa bá níbẹ̀, ilé ìtajà olówó gọbọi, àti géètì tí máígádì ti máa bi í pé ta ló wá wò. Kí ọdún 1990 tó dé ìdajì, ìlú kan wà lórí ilẹ̀ ọ̀hún tí iye èèyàn inú ẹ̀ tó 300,000.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìlú ọ̀hún ṣe rí. Ìlà-oòrùn Victoria Island ló wà, ọ̀sà ní ọwọ́ kan, òkun ní ọwọ́ kejì. Ilẹ̀ ẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé díẹ̀ báyìí ló fi ga ju òkun lọ, bẹ́ẹ̀ àbàtà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ẹ̀gùn wà níbẹ̀, Ìgbò oníṣòwò wà níbẹ̀, ọmọ Èkó tí ilé bàbá wọn ti há mọ́ wọn náà sì wà níbẹ̀. Ẹlòmíì kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù sí i, òmíì sì rèé, pákó àti páànù ni. Ṣọ́ọ̀ṣì wà, mọ́ṣáláṣí wà, ilé ìwé wà, ọjà wà. Ká kúkú sọ pé gbogbo ohun tó ń mú kí ìlú máa jẹ́ ìlú ló wà níbẹ̀, àyàfi ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe.

Ká má parọ́, Màrókò kò dáa. Bí òjò bá rọ̀, kò sí gọ́tà tí omi máa gbà lọ, inú yàrá ló ń wọ̀. Àwọn tó mọ ibẹ̀ dáadáa ò ní í gbàgbé bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù àti pátákó sí ojú ọ̀nà kí wọ́n tó lè rìn dé ojú títì láìjẹ́ pé ẹrẹ̀ ba bàtà jẹ́. Ẹ̀fọn ò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Omi inú kànga, iyọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi tó dáa, á ra á ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀rọ̀ ṣálángá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, torí pé bóyá ẹnì kan ń jẹun lọ́wọ́ bó ṣe ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Kí ló wá dé tí wọ́n ń gbé ibẹ̀? Àwọn tó bá ń bínú sí irú àdúgbò báyìí kì í béèrè èyí. Victoria Island tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yẹn, ta ló ń se oúnjẹ ibẹ̀? Ta ló ń fọ aṣọ, ta ló ń ṣọ́ géètì, ta ló ń wa mọ́tò, ta ló ń po sìmẹ́ǹtì fáwọn ilé tí wọ́n ń kọ́? Bí ọ̀gá bá ń sùn ní Victoria Island, tí kúùkù ẹ̀ ń sùn l'Ágége, ta ló máa se tíì aago mẹ́fà àárọ̀? Mólúè àkọ́kọ́ ò ní í tíì kúrò ní gáréèjì nígbà náà. Ní Màrókò, èèyàn á fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́, rẹ́ǹtì ibẹ̀ ò sì wọ́n. Ẹ̀fọn tó ń jẹ wọ́n lóru, owó ọkọ̀ tí wọn kì í san láàárọ̀ ni wọ́n fi ń tu ara wọn nínú.

Oṣù Keje, ọdún 1990, ni nǹkan yíwọ́. Ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Ítálì ń parí lọ nígbà náà, orúkọ Roger Milla ọmọ Kamẹrúùnù kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Ìkéde kàn jáde lórí rédíò ni, pé ìjọba ológun Èkó, lábẹ́ Gómìnà Raji Rasaki, ní kí gbogbo ará Màrókò palẹ̀ mọ́. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wọn.

Ọjọ́ méje! Ẹni tó fẹ́ kó kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo lónìí, oṣù mẹ́ta lè má tó o láti rí òmíì, ká má tíì sọ ti owó àgíríìmẹ́ǹtì àti kọ́míṣọ̀n. Ìlú odidi ni wọ́n ní kó kó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ìjọba kan ò lè ya wèrè débẹ̀, pé wọ́n kàn fẹ́ dẹ́rù bà wọ́n ni.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, ọjọ́ Sátidé, katapílà dé, pẹ̀lú àwọn agbófinró tó gbé ìbọn dání. Kò sí pé wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti rí ẹrù ẹ̀ kó jáde kó o, ẹni tí kò rí i kó, abẹ́ búlọ́ọ̀kù ni wọ́n bá a sí. Àsìkò òjò ni, ẹ má gbàgbé, orí àpótí àti mátírẹ́ẹ̀sì tó wà níta ni òjò ń rọ̀ lé. Ọmọ ń wá ìyá, ìyá ń wá ọmọ. Títì kún fún èèyàn tó gbé ìkòkò rù, tó fa ẹní lọ́wọ́, tí kò sì mọ apá ibi tó kọjú sí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìlú ọ̀hún ti di òkìtì.

Ìjọba ní àwọn ò fi wọ́n sílẹ̀ báyẹn náà. Wọ́n ní àwọn máa fún àwọn tó nílé ní ilé míì. Ìwọ̀nba lándílọ́ọ̀dù ló rí i gbà, ní Ìlasan àti ní Ìkọ́tà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹlòmíì bá a láìsí ilẹ̀kùn, láìsí wíńdò, láìsí omi. Ìdílé tó ní odidi ilé tẹ́lẹ̀ ní láti há ara wọn mọ́ yàrá bíi mélòó kan. Ayálégbé ńkọ́? Àwọn ló sì pọ̀ jù o. Wọn ò fún ayálégbé ní kọ́bọ̀, wọn ò sì fún un ní yàrá. Kálukú wá ọ̀nà ara ẹ̀ lọ. Nígbà yẹn, ojú ẹni tí wọ́n lé lọ sínú igbó ni wọ́n fi ń wo ẹni tí wọ́n bá fún nílé ní Ìlasan. Lónìí, ẹsíteèti ọ̀hún náà ni àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo ẹ̀ lójú ọ̀nà Lẹ́kì pé 'Jákàńdè! Jákàńdè!', ojú títì tó wà níwájú ẹ̀ sì ti di ibi tí ilẹ̀ ti gbówó lérí.

Ohun tí ìjọba sọ pé ó fà á tí wọ́n fi wó Màrókò ló yẹ ká tún yẹ̀ wò. Wọ́n ní ilẹ̀ ìjọba ni, wọ́n ní ibẹ̀ dọ̀tí, pé àwọn ọ̀daràn ń sá pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n tún ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ jù, pé òkun lè ya wọ̀ ọ́ nígbàkígbà, ẹ̀mí èèyàn á sì wà nínú ewu. Ọ̀rọ̀ òkun yìí ló dùn ún gbọ́ jù létí, torí ó jọ pé wọ́n ń ṣàánú wọn ni. Ṣé òkun ọ̀hún wá ṣí kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù Keje ọdún 1990 ni? Ibi tó wà náà ló ṣì wà. Kàkà kí ilẹ̀ náà di igbó, ńṣe ni wọ́n gé e sí púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Ọkọ̀ tó ń fa yanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà ni wọ́n ń lò l'Ékòó láti fi kún irú ibi bẹ́ẹ̀, á fa yanrìn pẹ̀lú omi gba inú páìpù ńlá, á dà á sórí àbàtà, omi á sàn lọ, yanrìn á dúró. Iṣẹ́ olówó ńlá ni. Àwọn ará Màrókò ò lówó yẹn, ṣùgbọ́n ìjọba ní in, kò sì sẹ́ni tó rántí pé wọ́n lè fi í kún ilẹ̀ fáwọn tó wà níbẹ̀.

Àní bí wọ́n ṣe kún un tó, omi ò gbàgbé ilé. Ìdí ẹ̀ ò le. Gọ́tà tó wà ní Victoria Island àti Lẹ́kì, inú ọ̀sà ló ń da omi sí. Bí òkun bá ga, ọ̀sà náà á kún, ẹnu gọ́tà á wà lábẹ́ omi, omi òjò ò ní í ríbi gbà lọ, ńṣe ló máa padà sẹ́yìn wá sí ojú títì. Ní oṣù Keje ọdún 2017, ọkọ̀ ojú omi kékeré lẹnì kan fi ń ṣeré lójú títì lágbègbè yẹn, àwòrán ẹ̀ sì kárí ayé. Oṣù Keje ọdún 2021, omi tún gbé mọ́tò olówó nínú ọgbà. Àrùn tó ṣe Màrókò náà ló ń ṣe wọ́n, òògùn ni ò dọ́gba. Tibí ní jẹnẹrétọ̀, ó ní máṣíìnì tó ń fa omi jáde, ó ní ilé alájà tí wọ́n lè sá gùn. Rẹ́ǹtì ọdún kan níbẹ̀ ń ra ilẹ̀ fún ẹlòmíì ní Mowé. Bẹ́ẹ̀, ìyá inú dánfó tó ní òun ò lè gbé inú omi láéláé yẹn, ẹ fún un ní fúláàtì kan ní Oníru, ẹ máa rí i bó ṣe máa ra bàtà rọ́bà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kì í ṣe Màrókò nìkan. Lọ́dún 1973, nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ National Theatre ní Ìgànmú, wọ́n kó àwọn ará abúlé tó wà níbẹ̀ lọ sí Badíà, ilẹ̀ àbàtà tí kò sẹ́ni tó ń dù ú. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2013, wọ́n wó Badíà East náà. Àjọ Amnesty International ní àwọn tó di aláìnílé níbẹ̀ tó 9,000. Lóṣù Keje ọdún 2012, Mákòko ni wọ́n wọ̀. Láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù Kẹrin ọdún 2017, wọ́n lé àwọn apẹja Ẹ̀gùn tó wà ní Otodo Gbame, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lẹ́kì, àwọn èèyàn tó lé ní 30,000. Ilé ẹjọ́ gíga l'Ékòó dá ẹjọ́ lóṣù Kẹfà ọdún 2017 pé bí wọ́n ṣe lé wọn kò bófin mu. Ẹjọ́ ti tán, abúlé ti lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe ń rí. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ni aláìní máa ń dé. Òun ló máa fi lẹ́búlẹ́bú pákó láti ilé ìlagi àti ìdọ̀tí inú ìlú kún àbàtà díẹ̀ díẹ̀, ọdún dé, ọdún lọ, títí ilẹ̀ á fi le, tí mọ́tò á fi lè wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí mọ́tò bá ti lè wọ̀ ọ́ lọjọ́ tí wọ́n máa rí i pé ibẹ̀ kò yẹ ọmọ èèyàn ní gbígbé.

Lọ́dún 2024, katapílà tún padà sí etí òkun Oníru. Ìjọba àpapọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etíkun tó máa gùn tó 700 kìlómítà láti Èkó dé Calabar, ọ̀nà náà sì gba ibi ìgbafẹ́ Landmark Beach kọjá, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń lọ gbádùn lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ kó ẹrù jáde sórí yanrìn. Ariwo sọ. Tẹlifíṣọ̀n gbé e, ìwé ìròyìn gbé e, àwọn lọ́yà sọ̀rọ̀, mínísítà fèsì, wọ́n tún fèsì padà fún mínísítà. Nígbà tó ṣe, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó gbà-má-bínú fún àwọn kan tí dúkìá wọn wà lójú ọ̀nà náà. Ayálégbé Màrókò, tó kó ẹrù jáde sínú òjò ládùúgbò kan náà lọ́dún 1990, kò rí irú ẹ̀ gbà.