Egbò tí n kò kọ sílẹ̀

Ẹni tó bá ń gba Ọba Akran, Ọ̀gbà tàbí Agége kọjá yóò ti rí pátákó kan rí lẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Iye ọjọ́ tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ láìsí ìjàǹbá ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fi ọjọ́ kan lé e. Bí ẹnì kan bá fara pa débi pé kò lè wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ọ̀rọ̀ pátákó yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, torí ó kó bá ẹnì kan lójú mi, èmi náà sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Lọ́dún 2012, mo ń ṣe nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi. Kásúà ni, agbaṣẹ́ṣe kan ló mú un wá síbẹ̀. Iná ló gbé e nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ní kó tún ṣe, wọn ò pa iná kó tó fọwọ́ kàn án. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ojú egbò náà kò ju kọ́bọ̀ kan lọ, ó funfun, kò tilẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Bí mo ṣe mú bírò ló di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé."

Pátákó ti di 212 lọ́jọ́ náà. Bó bá pé ọdún kan gbáko, gbogbo òṣìṣẹ́ ni yóò gba àpò ìrẹsì àti gálọ́ọ̀nù òróró. Ta ló fẹ́ ba oúnjẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́? Pabanbarì rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ní kí kásúà má wá mọ́ lọ́la, kò sẹ́ni tó máa bá a bèèrè. Kò pẹ́ ni súpáfáísọ̀ wọn wọlé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sísítà, nǹkan kékeré lèyí, ẹ bá wa wé e." Mo wé e. N kò kọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ náà padà wá. Ọwọ́ ti wú dé ìgbọ̀nwọ́, ìka méjì ti dúdú. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti gé e. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ méjì tí iná gbé e, àwọn èèyàn rẹ̀ wá béèrè owó ìtọ́jú, agbaṣẹ́ṣe ní ilé rẹ̀ ló ti fara pa. Mo la ẹnu, mo ní èmi ni mo tọ́jú rẹ̀. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo kọ ọ́ sí. Bí mo ṣe ń jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbójú sókè. Pátákó ti di 226.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Iná mọ̀nàmọ́ná máa ń wọ ara níbì kan, á sì jáde níbòmíràn. Ẹran àti iṣan tó bá jó láàárín kì í hàn lójú. Bí pátákó yẹn náà ṣe rí nìyẹn: òkè rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ ń jẹrà.

Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2005, ilé ìfọpo BP ní Texas City, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bú gbàmù. Èèyàn 15 kú, òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe sì ni gbogbo wọn. Àwọn tó ṣèwádìí sọ pé nọ́ńbà àwọn tó ń fara pa ló fọkàn àwọn ọ̀gá balẹ̀, nítorí pé ó ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ń bàjẹ́ lọ. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2010, àwọn ọ̀gá lọ sórí Deepwater Horizon, ẹ̀rọ tó ń wa epo lójú òkun fún BP, wọ́n ń kí àwọn òṣìṣẹ́ fún ọdún méje láìsí ìjàǹbá tó ń gba ọjọ́ iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló gbiná, èèyàn 11 sì kú. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Nílé níbí ńkọ́? Oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni Ikeja Electric gba iṣẹ́ pínpín iná lágbègbè wa lọ́wọ́ PHCN. Àjọ NERC máa ń kọ iye àwọn tí iná pa àti àwọn tó ṣe léṣe sínú ìròyìn rẹ̀ olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àti òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò. Bí ẹ bá gbọ́ pé nọ́ńbà ilé iṣẹ́ iná kan lọ sílẹ̀, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè bóyá wọ́n ka kásúà àti ọmọ iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe mọ́ ọn.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Òfin Employees' Compensation Act ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò tí àjọ NSITF ń bójú tó. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó yín. Kásúà wà nínú òfin náà, ọmọ iṣẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fara pa ní ọjọ́ 14 láti fi tó ilé iṣẹ́ létí, ilé iṣẹ́ sì ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF létí. Òfin yìí ti wà lọ́dún 2012. Ohun tí kò sí ni ìlà kan péré nínú ìwé mi.

Nítorí náà, bí iná bá gbé ẹnì kan, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ kọ́kọ́ pa iná. Bó bá jẹ́ waya òpó iná ló já, ẹ jìnnà sí i títí àwọn oníná yóò fi pa á. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀ kó tó wú. Ẹ jẹ́ kí omi tó mọ́ máa ṣàn sórí ibi tó jó fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Kó lọ sílé ìwòsàn, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bí àyà rẹ̀ bá ń já, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ẹ má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la.

Lẹ́yìn náà, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ, ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó rí i. Ẹ fi fóònù ya ojú ìwé náà. Ẹ̀yin ìyàwó àti ìyá tí ọkọ tàbí ọmọ yín bá fi báńdéèjì wọlé, ẹ má kàn se omi gbígbóná fún un. Ẹ bi í pé, "Ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀?"

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, ìrẹsì á tán, ìka kò ní hù padà. Láti ọjọ́ náà, kò sí egbò tó kéré jù fún bírò mi.