Òṣùká Ọkọ̀

Ìró ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ Peugeot 504 olùkọ́ èdè Yorùbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn bá bọ́ sí kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú a máa ró gbì-gbì. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ náà ń ya sí ẹ̀gbẹ́ kan bí bàbá bá ti tẹ bíréèkì. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ yìí pọ̀ ní Kàdúná, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ síbi iṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Bàbá mọ̀ pé ohun tí ó bàjẹ́ kò ju rọ́bà róbótó kan lọ, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní búṣì. Ó ra tuntun ní ọjà Aràrọ̀mí ní Agodi Gate, ó sì pinnu láti pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ìdí mìíràn wà tí kò fi gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 13, wá lo ìsinmi láti Àbújá. Ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í fi í fèsì. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni bàbá ti ń fi ìwé kọ́ ọ, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" nìkan ni ó sì ń rí gbà. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọmọ padà.

Bàbá fẹ́ràn iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, kò jìnnà sí i nígbà tí ó ń kọ́ni. Òun náà ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ sí. Adínjìgìjìgìkù ni ó sọ búṣì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn púpọ̀ lójú ìwé.

Wọ́n ti òkúta mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má bàa yí. Wọ́n dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí wọ́n tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n sì gbé irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Wọ́n yọ táyà, wọ́n sì tú apá ìsàlẹ̀ tí ó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Rọ́bà àtijọ́ ti gbẹ, ó ti là, irin sì ti ń lu irin.

"Bá mi mú adínjìgìjìgìkù tuntun wá," ni bàbá wí.

Ọmọ náà dúró díẹ̀, ó sì mú sípánà wá. Ìyá àgbà, tí ó ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, sún mọ́ wọn, ó sì mú rọ́bà náà lọ́wọ́. "Bàbá, ṣé òṣùká ọkọ̀ lẹ ń pè bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ náà kò mọ òṣùká. Ìyá ká àkísà kan róbótó, ó fi lé e lórí, ó sì gbé korobá omi lé e. Lẹ́yìn náà ó yọ àkísà kúrò, ó gbé korobá náà lé orí lásán. "Èwo ló dùn ọ́?"

Ọmọ wo rọ́bà náà títí. Ó ní, "Ọkọ̀ ń rù wá, irin sì ń dun irin. Eléyìí ni kì í jẹ́ kó dùn ún."

Kò sí ẹni tí ó yìn ín, kí ojú má bàa tì í. Iṣẹ́ ń bá a lọ. Omi ọṣẹ ni wọ́n fi pa ara rọ́bà tuntun kí ó lè wọlé, nítorí gíríìsì àti epo ọkọ̀ a máa ba irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ọmọ ni ó ń yí fáìsì tí ó ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí apá náà padà sí ipò, ó fẹ́ fún bóòtì rẹ̀ pinpin lójú ẹsẹ̀. Bàbá dá a dúró. Ó ṣàlàyé pé búṣì yìí kì í yí lójú kan. Lílọ́ ni ó máa ń lọ́ bí apá bá ṣe ń lọ sókè, tí ó ń bọ̀ nílẹ̀. Bí a bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń rọ̀ dirodiro, rọ́bà yóò ti lọ́ pọ̀ kí ọkọ̀ tó dúró nílẹ̀, yóò sì tètè ya. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí ó ru ẹrù ara rẹ̀, kí a tó fún bóòtì náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe, wọ́n sì pààrọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú. Nígbà oúnjẹ alẹ́, ọmọ ni ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá àgbà, ní Yorùbá.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bàbá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó rí i pé adínjìgìjìgìkù kò ní àṣìṣe gírámà kankan, ṣùgbọ́n òun ti fún un pinpin nígbà tí ó ṣì ń rọ̀ lókè, kí ẹnikẹ́ni tó fi í ṣiṣẹ́. Ó fa ìlà sí i, ó kọ òṣùká ọkọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ kò tan ara rẹ̀ jẹ: òṣùká kì í lọ́ bí búṣì ti ń lọ́, ẹni tí ó bá sì béèrè òṣùká ní Aràrọ̀mí yóò padà wálé lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà ó kọ búṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan wà fún ọjà, èkejì wà fún òye.

Olùkọ́ Haúsá tí ó ní gammo, àti olùkọ́ Ígbò tí ó ní aju, lè dán irú ẹ̀kọ́ yìí wò. Kí wọ́n gbé ohun èlò náà fún ọmọ, kí ọmọ sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí orúkọ tó tẹ̀lé e.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ fún títò ẹsẹ̀ táyà, ìró sì dákẹ́. Ọmọ padà sí Àbújá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, fóònù bàbá dún. "Ẹ káàsán, Bàbá. Ṣé òṣùká yẹn ṣì dáa?"